Ta Ni Yóò Tò Ó? Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá àti Iṣẹ́ Fíìmù ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó

Ìfáárà

Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, kò ṣàjèjì mọ́ kí a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe fíìmù kékeré kan gẹ́gẹ́ bí apá kan iṣẹ́ wọn lórí eré-oníṣe. Ohun tí ó dára ni. Eré tí a kà nínú ìwé nìkan kò tíì pé. Ẹnu ni a fi ń sọ ọ́, ara ni a fi ń ṣe é, ojú ni a sì fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí ó ń kọ wá lóminú, òun ni a sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú àpilẹ̀kọ yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń kọ eré, àwọn ni ó ń ṣe é, àwọn ni ó sì ń dá owó jọ. Nígbà tí ó bá wá kan yíya àwòrán àti títò ó pọ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní édítìn, wọn a gbé e fún ẹni tí wọ́n háyà, ẹni tí ó sábà máa ń jẹ́ oníkámẹ́rà tí ń ya ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà. Àwa olùkọ́ a sì fún fíìmù náà ní máàkì bí ẹni pé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Èrò wa ni pé èyí kò tọ̀nà. Ẹni tí ó bá to àwòrán ni ó sọ ìtàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò bá mọ bí a ṣe ń di kámẹ́rà mú àti bí a ṣe ń to àwòrán, ẹlòmíràn ni yóò máa bá wa pinnu ọ̀rọ̀ tí a ó gbọ́ àti èyí tí a ó gé sọnù nínú èdè tiwa.

Ohun tí ojú wa rí

Kí ó má baà dà bí ẹni pé a ń sọ̀rọ̀ sí afẹ́fẹ́, a ó mú àpẹẹrẹ kan tí ó ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a ń bójú tó kọ eré kan nípa ọmọbìnrin tí a bí sí Èkó, tí ó padà wá sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ọ̀kà Àkókó. Ìyá ń bá a sọ èdè Ọ̀kà, ọmọ kò gbọ́; ọmọ ń sọ Yorùbá tí a fi ń ka ìròyìn, ìyá ń rín in rẹ́rìn-ín. Ìparí ni kókó eré náà wà, níbi tí ìyá ti jókòó sórí àpáta lẹ́yìnkùlé, tí ó fi ẹ̀ka-èdè Ọ̀kà ki ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní oríkì ìdílé wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fi ọ̀kan nínú ara wọn ṣe ìyá yìí. Ìyá arúgbó gidi kan ni wọ́n lọ bẹ̀ ní Ọ̀kà, ìyá tí ó jẹ́ pé bí ó bá la ẹnu, ọ̀rọ̀ a máa tú jáde bí omi ìsun.

Ọjọ́ méjì ni oníkámẹ́rà tí wọ́n háyà láti Ìkàrẹ́ fi ya àwòrán náà. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó tó kó iṣẹ́ dé. Nígbà tí a jókòó wò ó, oríkì tí ìyá fi ìṣẹ́jú mẹ́rin kì ti di ohun tí kò tó ìdajì ìṣẹ́jú. Orin kan ni ó bo èyí tí ó kù mọ́lẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bi í léèrè. Èsì rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà gùn jù, àti pé ta ni yóò tilẹ̀ gbọ́ ọ? Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ará Ọ̀kà. Ibi tí ìyá ti dúró mí ni ó gé e sí. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì parí, pé orúkọ baba ńlá tí gbogbo oríkì náà ń rìn lọ bá ni ó kù tí ìyá fẹ́ dá.

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ sábẹ́ àwòrán náà kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo níbẹ̀, kò sí àmì abẹ́ lẹ́tà. Níbi tí ìyá ti ń béèrè ọkọ́ tí ó fi ń ro èbù iṣu, ohun tí a kà ni "oko mi da". Òǹwòran lè rò pé ọkọ tí ó fẹ́ ẹ ni ó ń wá, tàbí oko tí ó ń ro, tàbí ọkọ̀ tí ó fẹ́ wọ̀. Ẹ̀rín sọ nínú kíláàsì níbi tí ó yẹ kí gbogbo wa ti dákẹ́.

Èyí tí ó dùn wá jù ni pé nígbà tí a ní kí ó kó àwòrán ìpilẹ̀ṣẹ̀ wá, ó ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú mẹ́mọ́rì káàdì láti fi ya ìnáwó mìíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà lọ bẹ ìyá pé kí ó jọ̀wọ́ tún un sọ. Ìyá wò wọ́n títí, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dà á nù. Ṣé kí n tún sọ ọ́ kí ẹ tún lọ dà á nù ni?" Wọn kò rí èsì fọ̀.

A kò di ẹ̀bi ru oníkámẹ́rà náà. Bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ ìgbéyàwó ni ó ṣe tiwa: orin ní í bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì sanwó kì í bínú sí i. Àwa tí a rán ọmọ ní iṣẹ́ tí a kò kọ́ ọ ni ẹ̀bi wà lọ́rùn wa.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le ní Àkókó

Ẹni tí kò mọ Àkókó lè sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni a sọ di ńlá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Àkókó kò rí bí ibi tí ahọ́n kan ṣoṣo wà. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ni ó pín sí: Ìkàrẹ́ ni olú-ìlú ọ̀kan, Ọ̀kà ni ti èkejì, Òkè-Àgbè àti Ìsùà sì ni ti àwọn méjì tí ó kù. Láàárín wọn, ẹ̀ka-èdè Yorùbá pọ̀, ti Ìkàrẹ́ àti ti Ọ̀kà sì wà lára wọn. Àwọn èdè mìíràn bí Akpes àti Ukaan tún wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kò kà mọ́ ẹ̀ka-èdè Yorùbá rárá. Ọ̀pọ̀ nínú ahọ́n wọ̀nyí ni kò ní ìwé kíkà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹnu àwọn àgbà ni ìwé wọn. Fíìmù kékeré tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè jẹ́ ìgbà kan ṣoṣo tí a óò gba ohùn ìyá kan sílẹ̀ kí ó tó papò dà. Bí a bá wá gé ohùn náà nítorí pé ó gùn, kì í ṣe àṣìṣe iṣẹ́ ọwọ́ lásán. Ohun tí kò ṣeé rí mọ́ ni a sọnù.

Ìtàn fíìmù wa kọ́ wa lọ́gbọ́n

Ìṣòro yìí ti pẹ́ nínú ìtàn fíìmù Yorùbá. Nígbà tí àwọn eléré wa fẹ́ bọ́ láti orí ìtàgé sínú fíìmù, ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ dí wọn lọ́nà. Ọlá Balógun, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Parisi, ni ó darí Àjàní Ògún ní 1976, tí Dúró Ládípọ̀ àti Adéyẹmí Afọláyan kópa nínú rẹ̀. Òun náà ni Hubert Ògúǹdé bá ṣiṣẹ́ nígbà tí ó fẹ́ gbé Aiyé jáde ní 1979, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Ògúǹdé ti ń ṣe eré kiri kí ìgbà náà tó dé. Ọ̀gá ni lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n ó ní láti wá ẹni tí ó mọ kámẹ́rà. Kò wá dúró síbẹ̀. Nígbà tí ó fi máa gbé Jáíyésinmi jáde ní 1980, òun fúnra rẹ̀ ti wà lára àwọn tí ó darí rẹ̀. Àgbà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni ó tún di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn.

Àwíjàre wà fún àwọn àgbà ìgbà náà. Téèpù fíìmù tí a fi ń ya àwòrán wọ́n bí ojú, òkè òkun ni a sì sábà máa ń gbé e lọ kí a tó lè fọ̀ ọ́ kí a sì tò ó. Kò sí bí eléré tàbí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan ní Àkókó ṣe lè fọwọ́ kàn án.

Ẹni tí ó fi ohun tí a ń sọ hàn jù lọ ni Túndé Kèlání. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni ó kọ́kọ́ kọ́, ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn àti ní ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó tó dá Mainframe sílẹ̀ ní 1991. Òun ni ó sọ Ó Le Kú, ìtàn àròsọ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, di fíìmù ní 1997. Àwọn méjèèjì tún pawọ́ pọ̀ lórí Ṣaworoidẹ ní 1999 àti Agogo Èèwọ̀ ní 2002. Kí ni ó mú kí àwọn fíìmù yìí wọ kíláàsì Yorùbá, tí a fi ń kọ́ni títí di òní? Ẹni tí ó di kámẹ́rà mú mọ adùn èdè, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà kò sì ka fíìmù sí eré ọmọdé. Nínú Ṣaworoidẹ, ìlù ń sọ̀rọ̀. Bí ẹni tí kò gbọ́ ìlù bá gé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ láàárín, gbólóhùn ni ó gé sí méjì. Olùkọ́ Yorùbá tí a ń tọ́ lónìí gbọ́dọ̀ ní díẹ̀ nínú ọgbọ́n àwọn méjèèjì.

Ní ti ohun èlò, ayé ti yí padà. Ní 2015, Sean Baker gbé fíìmù Tangerine jáde ní Amẹ́ríkà, fóònù ni ó sì fi yà á. Ní 2020, àwọn ọmọdé kan ní Ìkòròdú tí a mọ̀ sí Ikorodu Bois lo ohun tí ó wà nítòsí wọn láti ṣe àwòkọ ìpolówó fíìmù Extraction. Iṣẹ́ wọn wu àwọn tí ó ni fíìmù náà, Netflix sì fi ohun èlò ránṣẹ́ sí wọn. Bí ọmọ Ìkòròdú bá lè kọ́ ọ fúnra rẹ̀, kí ni yóò dí ẹni tí ń gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ lọ́wọ́?

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́ wọn

A kò sọ pé kí a sọ ẹ̀ka Yorùbá di ilé-iṣẹ́ fíìmù. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ nílò kò pọ̀, ó sì ṣeé kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ohùn ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí èdè ni iṣẹ́ wa. Orí òkè ni Ọ̀kà wà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣeré. Bí fóònù tí ń ya àwòrán bá jìnnà sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ni a óò gbọ́. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò ná wa ní kọ́bọ̀. Kí a fi fóònù kejì gba ohùn nìkan, kí a gbé e sí itòsí ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kí a fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Kí ẹnì kan wá pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan gbà-á níwájú kámẹ́rà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bá ń to iṣẹ́, ibi tí ọwọ́ ti pàdé ọwọ́ nínú àwòrán ni a ó fi ìró àtẹ́wọ́ náà sí, ohùn àti ẹnu yóò sì bá ara wọn mu. Ní Ìkàrẹ́, níbi tí jẹnẹrétọ̀ àti ọjà kì í ti í dákẹ́, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí a lò.

Lẹ́yìn ohùn ni àwòrán. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín àwòrán òkèèrè tí ń fi ibi tí a wà hàn, àwòrán agbedeméjì tí ń fi ènìyàn àti ìṣe rẹ̀ hàn, àti àwòrán itòsí tí ń fi ojú hàn. Kí ó mọ̀ pé bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, kámẹ́rà kò gbọdọ̀ rékọjá sí òdìkejì wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò dà bí ẹni pé wọ́n kẹ̀yìn síra. Kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé iná mànàmáná ilẹ̀ wa, tí ó jẹ́ 50 ní ìdíwọ̀n Hertz, a máa mú kí gílóòbù mìíràn ṣẹ́jú nínú àwòrán bí a kò bá to kámẹ́rà sí àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ jẹ́.

Títò ni ó kàn, ibẹ̀ gan-an sì ni kíláàsì Yorùbá wà. Kọ̀ǹpútà kan tó fún akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Ètò ìtòwòrán bí Shotcut àti Kdenlive jẹ́ ọ̀fẹ́, DaVinci Resolve náà ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá lágbára. Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa bi ara rẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rọ: Níbo ni òwe yìí parí sí? Ṣé ìdákẹ́ yìí jẹ́ àárẹ̀ ni, àbí àgbà ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọlé? Bí mo bá gé e níhìn-ín, ǹjẹ́ ó ṣì jẹ́ oríkì? Ìtúpalẹ̀ lítíréṣọ̀ alohùn ni èyí, ọwọ́ ni a kàn fi ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ni a ó fi parí. Àkọtọ́ òde-òní tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni kí a fi kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn pípé, kí a sì máàkì rẹ̀ bí a ti ń máàkì àròkọ. Kí a yẹ irú lẹ́tà tí a lò wò dáadáa, nítorí lẹ́tà tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, bí ẹ́ àti ọ̀, a máa fọ́ tàbí kí àmì rẹ̀ ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ nínú àwọn ètò kan.

Ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni a kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ́ yìí dán wò. A kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti háyà oníkámẹ́rà. Àwọn mẹ́fà nínú wọn ní àwọn yóò padà sọ́dọ̀ ìyá ní Ọ̀kà. Wọn kò gbé kámẹ́rà lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n lọ kí i, wọ́n sì tọrọ àforíjì fún ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ṣe. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n gba ohùn rẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì tún un gbé fún un gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìyá tẹ́tí sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ibì kan kò dára tó, òun yóò tún un sọ. Wọ́n kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀, wọ́n kà á fún un, ó bá wọn tún ọ̀rọ̀ mẹ́ta ṣe. Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, àwa olùkọ́ pàápàá kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: fíìmù tiwọn kò dán tó ti àkọ́kọ́. Ọwọ́ wọn gbọ̀n níbi kan, oòrùn wọ inú kámẹ́rà níbòmíràn, ewúrẹ́ sì ké láàárín ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n oríkì náà pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé orúkọ baba ńlá. Máàkì tí a fún wọn ju ti àwọn àkọ́kọ́ lọ, a kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Àtakò àti ìdáhùn

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan sọ pé iṣẹ́ ẹ̀ka tíátà ni èyí. A gbà pé tíátà ni ó ni ìjìnlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọmọ tiwa yóò lọ kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, bóyá ní ìlú tí kò sí oníkámẹ́rà tí a lè háyà. Fóònù tí ó wà lápò rẹ̀ ni gbogbo ohun èlò rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní iná kò sí, owó kò sì tó. Òótọ́ ni ìṣòro iná. Owó ní tirẹ̀ ti ń jáde lápò akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀. Oníkámẹ́rà ni ó ń gbà á. Bí a bá fi ìdajì irú owó bẹ́ẹ̀ ra mẹ́mọ́rì káàdì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé fóònù lé, àti dírááfù tí a ó fi tọ́jú iṣẹ́ fún ẹ̀ka wa, ohun èlò náà yóò wà fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àtakò tí ó wúwo jù ni pé àwa olùkọ́ pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni. Onkọ̀wé yìí kò mọ̀ ọ́n títí ọmọ kíláàsì kan fi jókòó tì í tí ó sì fi bí a ṣe ń gé àwòrán hàn án. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ mọ ẹ̀rọ, àgbà mọ ọ̀rọ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí àwọn méjèèjì jọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kan.

Àbá àti ìkádìí

Àbá wa kò ju mẹ́rin lọ. Èkíní, kí fíìmù akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò yà á tí yóò sì tò ó. Èkejì, kí a máa pín máàkì fún ohùn, fún títò àti fún ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, kì í ṣe fún dídán àwòrán nìkan. Ẹ̀kẹta, kí a má gba fíìmù kankan láìsí àwòrán ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà ní ẹ̀ka wa títí láé. Ẹ̀kẹrin, àgbà tí a bá gba ohùn rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà kí olùkọ́ tó wò ó.

Àbá kẹrin yìí ni a kà sí pàtàkì jù. Nígbà tí àwọn mẹ́fà yẹn gbé fíìmù wọn lọ sí Ọ̀kà, ìyá wò ó lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù, ó sì pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá wò ó. Kò sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ tí ó gbọ̀n tàbí ewúrẹ́ tí ó ké. Ohun tí ó béèrè ni pé kí wọ́n fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún òun, nítorí àwọn ọmọ òun tí ó wà ní Èkó kò gbọ́ oríkì náà rí.